Omi Mẹ́káníìkì

Ìyá kan tún dá fídíò kan lórí fóònù rẹ̀ padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Nínú fídíò náà, mẹ́káníìkì kan ń ha ìpẹtà kúrò lára ọkọ̀ àtijọ́, ó sì ń súfèé.

“Màmá, ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé láàárọ̀ yìí,” ni ọmọbìnrin rẹ̀ wí. “Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ sípánà yàtọ̀ sí ṣíbí!”

“Dúró ná, ó máa tó débẹ̀.”

Mẹ́káníìkì náà nu òógùn ojú. “Ìyàwó mi, bá mi bu omi wá.”

Obìnrin kan dáhùn látẹ̀yìn kámẹ́rà: “Ṣé ẹsẹ̀ yín ṣẹ́ ni? Ẹ wá bu ú fúnra yín!”

Ohùn ìyá náà ni, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìsìnkú ọkọ rẹ̀.

Ó dìde, ó bu omi tútù sínú ife, ó gbé e síwájú fóònù.

“Omi yín rèé, olówó orí mi. Ẹ má bínú pé mo pẹ́.”