Àròkọ Tó Pa Dókítà Lẹ́kún

Lahari jókòó síwájú kọ̀ǹpútà fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ìgbaniwọlé yunifásítì.

Bí yunifásítì yìí bá gbà á láti girama báyìí, àyè ẹ̀kọ́ dókítà ti di tirẹ̀ nìyẹn.

Ní kíláàsì wọn, àròkọ ìgbaniwọlé ta ni kò ní òkú nínú?

Lójú kọ̀ǹpútà, Dókítà Whitcomb tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ń nu ojú.

"Ibi tí ìyá àgbà ẹ ti kú mọ́ ẹ lọ́wọ́, omijé bọ́ lójú mi. Kú ara fẹ́ra kù. Ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀?"



Ilẹ̀kùn dún lẹ́yìn Lahari. Kò jẹ́ bojú wẹ̀yìn.

Ọwọ́ híhunjọ kan gbé tíì alátalẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o! Èmi ni ìyá àgbà kan ṣoṣo tó ní. Ó ti ròyìn mi fún yín, àbí?"