Ọjọ́ Kejì Lára Òkúta

Ó di ọdún kẹsàn-án kí ìyàwó Afínrúkọ tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí ó lọ fín ọjọ́ ikú sára òkúta ọmọ àwọn.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Afínrúkọ ń nu irin ìfín rẹ̀ lórí tábìlì ìjẹun, ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ. Obìnrin náà ò gbójú sókè.

"Bàbá, ẹ bá mi fín in lónìí."

"Kí ni?"

"Ẹ mọ ohun tí mò ń wí."

Ó mọ̀. Orúkọ ni ó máa ń fín: sára òrùka, sára ife ìdíje, sára òkúta ibojì. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì bí, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni ìyá rẹ̀ ń pè é. Ọmọ náà wáṣẹ́ lọ sí ìlú kan létí odò, nígbà tó yá wọn ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Afínrúkọ fúnra rẹ̀ ló lọ wá a. Ọjọ́ márùn-ún ló lò, báàgì ọmọ náà nìkan ló gbé bọ̀. Ó ní ọkọ̀ ojú omi dojú dé, wọn ò sì rí òkú. Nínú oṣù yẹn náà ló ri òkúta mọ́lẹ̀ ní itẹ́ òkú, ó fín orúkọ àti ọjọ́ ìbí sí i. Ọjọ́ kejì, ọjọ́ ikú, ni ìyàwó rẹ̀ ò gbà kó fín.

"Òkú tí mi ò fojú rí, mi ò ní sin ín."

Láti ìgbà náà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé. Oúnjẹ ẹni mẹ́ta ló ń bù. Bí ajá bá gbó lójú títì, á dìde lọ wò ó. Afínrúkọ á máa rọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Àwọn àgbà ló ní ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Jẹ́ kí ó kú, kí ìwọ náà lè sinmi."

Òun náà á ní, "Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó lóòótọ́, àmọ́ àgbà yẹn ò bá mi rọbí."

Kò sí iná mànàmáná ní itẹ́ òkú. Ìdí nìyẹn tí Afínrúkọ fi ń lo gáàsì: sìlíńdà kékeré kan tí kò ju ìgò omi lọ, tó ń gbé kọ́ èjìká, pẹ̀lú róbà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti orí rẹ̀ wọ inú irin ìfín tó dà bíi kálàmù. Bó bá ti ṣí i, gáàsì á máa ti ẹnu irin náà lu òkúta, kù-kù-kù-kù, bí ẹyẹ àkókó.

"Ṣé gáàsì yẹn á tó?" ni ìyàwó rẹ̀ béèrè bí wọ́n ṣe ń wọ itẹ́ òkú.

"Bóyá. Sátidé ni màá lọ rọ òmíràn."

"Wọ́n ń rọ gáàsì ní kọ́nà wa níbí, ẹ ó wá lọ wọ bọ́ọ̀sì wákàtí mẹ́ta. Lóṣooṣù. Bí kì í bá ṣe pé mo mọ̀ yín, màá ní ẹ ti fẹ́yàwó síbẹ̀."

"Ti kọ́nà wa lómi nínú. Ó ń ba irin jẹ́."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí Afínrúkọ ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi etí gèlè rẹ̀ nu òkúta náà.

"Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ fín?"

"Ìwọ ni kí o mú un."

"Ẹ fín tòní. Ó ṣì wà láàyè lọ́wọ́ mi títí di àná."

Afínrúkọ ṣí gáàsì. Irin yọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́wọ́ tó ti fín ẹgbẹẹgbẹ̀rún orúkọ. Ìyàwó rẹ̀ rí i, ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì jọ ń tì í lọ. Ó ku nọ́ńbà kan péré tí irin náà fi rọlẹ̀. Gáàsì ti tán.

"Jẹ́ ká padà wá lọ́jọ́ Àìkú," ni Afínrúkọ wí.

"Rárá o. Bí mo bá délé láìparí ẹ̀, màá tún bu oúnjẹ ẹni mẹ́ta."

Afínrúkọ yọ òòlù àti irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó nínú àpò. Ó fi ọwọ́ lu nọ́ńbà tó kù. Nígbà tó fẹ́ eruku kúrò, omijé ti bo ojú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wò ó. Láti ọdún mẹ́sàn-án, kò rí i kó sunkún rí.

"Ẹ forí jì mí, Bàbá," ni ó wí. "Mo jẹ́ kí ẹ̀yin nìkan máa ṣọ̀fọ̀ ọmọ yìí."

"Má tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀ ọ́."

Ní ìrọ̀lẹ́, obìnrin náà ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé fúnra rẹ̀, ó sì bu oúnjẹ sí àwo méjì.

Ní Sátidé, Afínrúkọ wọ bọ́ọ̀sì wákàtí mẹ́ta, ó fi sìlíńdà sílẹ̀ lọ́dọ̀ onígáàsì, ó sọdá títì lọ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àlejò lẹ́nu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì mú ẹlẹ́wọ̀n gbére kan jáde, ọkùnrin gíga, tẹ́ẹ́rẹ́, tó jókòó sí òdì kejì irin, tó sì bi í ní ohun tó ti ń bi í lóṣooṣù láti ọdún mẹ́sàn-án pé, "Bàbá, ṣé Màmá ti gbà báyìí pé mo ti kú?"