Ẹ̀rọ Tó Sọ Pé Ẹyin Tútù Gbóná

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ dákun, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

1.
Àrùn pa gbogbo tòlótòló Àǹtí Àmínátù ní Òkè-Ìlá. Ẹyin tí wọ́n yé nìkan ló kù, inú ẹ̀rọ tó ń sàba lé ẹyin ló sì wà. Àsíìsì, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ló ṣe ẹ̀rọ náà. Nígbà tí iná ọba jó ọpọlọ ẹ̀rọ, Àsíìsì ra òmíràn, ó da ètò àtijọ́ sínú rẹ̀.

Nígbà tí Dámisọ́lá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, gbọ́, ó pè é. "Báìtì méjì, ìyẹn ègé méjì, ni wọ́n fi ń kọ nọ́ńbà ooru yẹn, ọ̀kan gbé apá ńlá, èkejì gbé apá kékeré. Ọpọlọ kan á ka báìtì ńlá ṣáájú, òmíràn á ka kékeré ṣáájú. Kọ 1 sínú tuntun yẹn, kí o wo báìtì àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ 1, kékeré ló ń ṣáájú. Bó bá jẹ́ òdo, ńlá ni."

"Ṣé èmi lo fẹ́ máa kọ́ ní ABD?" Àsíìsì rẹ́rìn-ín, ó gbé fóònù sílẹ̀.

2.
Kò pẹ́ tí ojú ẹ̀rọ fi kọ 3046.5. Irú ooru wo nìyẹn? Irin á yọ́ níbẹ̀! Ẹ̀rọ bá pa iná tó ń mú ẹyin móoru. Nígbà tó yá, ó kọ 1126.5. Orí Àsíìsì dàrú. Ó pààrọ̀ wáyà, pàbó. Ó pààrọ̀ ohun tó ń wọn ooru, pàbó náà ni.

Àǹtí Àmínátù ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ. "Àsíìsì, ẹyin yìí tutù o. Ṣé kí n gbé èédú sí i?"

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rọ ní ó gbóná jù."

Òun fúnra rẹ̀ kò mọ èyí tí yóò gbàgbọ́ mọ́. Àmọ́ báwo ló ṣe fẹ́ sọ pé òun kò mọ̀?

3.
Ìgbà tí ọgbọ́n tán lọ́jọ́ kejì ló tó kọ 1, ó wo báìtì àkọ́kọ́: 1. Ọpọlọ àtijọ́ ń ka ńlá ṣáájú, tuntun ń ka kékeré ṣáájú. Báìtì méjèèjì ti gbapò ara wọn: 37.5 tó tọ́ sí ẹyin di 3046.5, 30.0 tó tutù jù sì di 1126.5.

Ó tún un ṣe kíá. Àǹtí Àmínátù fọ́ ẹyin kan wò, ó fọ́ òmíràn.

"Wọ́n ti hu ìyẹ́, Àsíìsì. Wọ́n ti hu ìyẹ́ kí òtútù tó pa wọ́n."

Kò bú u. Ó kàn jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún.

Ẹ̀yin tó ń kọ ètò, ẹ má rò pé bí ẹ̀rọ àná ṣe ń kà ni tòní á ṣe kà. Ẹ bi í kí ẹ tó gbé ẹ̀mí lé e lọ́wọ́. Bí ọ̀rẹ́ bá sì kìlọ̀, ẹ má fi ṣẹ̀sín. Abèèrè kì í ṣìnà.