Aránṣọ Òjòwú àti Gíláàsì Dúdú

Owú ni ìwà tó ba ayé obìnrin kan jẹ́. Aránṣọ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ tó, inú rẹ̀ kò mọ́ sí ọkọ rẹ̀. Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ní ti Aránṣọ, bóyá ni egungun gan-an kù níbẹ̀.

Iṣẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe ló wá dá kún un. Ó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ọkọ̀ wíwà, Tíṣà sì ni wọ́n ń pè é. Búréékì méjì ló wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, ọ̀kan lẹ́sẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀kan lẹ́sẹ̀ tirẹ̀. Àwọn obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá kọ́ṣẹ́, torí pé kì í jágbe mọ́ni. Bó bá ti délé, Aránṣọ a gbọ́ òórùn ẹ̀wù rẹ̀, a sì lọ yẹ àga ọkọ̀ wò.

"Irun ta nìyí?"

"Irun orí rẹ ni, ìyàwó mi. Ṣebí ìwọ ni mo gbé jáde láàárọ̀."

"Irun tèmi kì í gùn báyìí."

Tíṣà a rẹ́rìn-ín, a wọlé lọ jẹun. Ẹ̀rín yẹn náà a tún wá di ẹjọ́.

Aránṣọ ní ọkọ̀ kékeré kan tó fi ń gbé aṣọ fún àwọn oníbàárà. Lọ́jọ́ kan, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń lẹ ike dúdú mọ́ gíláàsì ọkọ̀. Ó ní kó dí gbogbo rẹ̀, títí kan ti iwájú.

"Ti iwájú kẹ̀, Àǹtí? Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, ẹ ò ní ríran o."

"Ṣé ìwọ lo máa wà á fún mi ni?"

Ó parọ́ fún ọkọ rẹ̀ pé oòrùn ló ń mú kí aṣọ oníbàárà ṣá. Tíṣà mi orí. "Èmi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n lajú sílẹ̀, ìyàwó mi wá ń di ojú ọkọ̀ tirẹ̀. Jọ̀ọ́, lọ yọ ọ́." Aránṣọ ní òun á yọ ọ́. Kò yọ ọ́.

Láti ìgbà náà ló ti ń tọ ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn káàkiri látòkèèrè, níwọ̀n ìgbà tí kò sí ẹni tó lè rí ojú rẹ̀ nínú ọkọ̀ mọ́. Ohun tó ń rí kò ju obìnrin tó ń làágùn nídìí sítíárìn, tí ọkọ̀ ń kú mọ́ lọ́wọ́, lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú ń wá lojú ń rí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá rẹ́rìn-ín, àyà Aránṣọ a gbóná. Bó bá dákẹ́, a ní wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni. Ó tilẹ̀ rán apá aṣọ ìgbéyàwó oníbàárà kan sódì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọlọ́pàá ojú pópó dá a dúró.

"Mádáàmù, ẹ sọ gíláàsì yín kalẹ̀. Mo na ọwọ́ sí yín látòkèèrè, ìgbà tí ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn mí lẹ́sẹ̀ lẹ tó dúró. Ṣé ẹ rí mi?"

"Mo rí yín, sà. Ojú ló ń dùn mí. Dókítà ní oòrùn ò gbọ́dọ̀ kàn án." Omijé tilẹ̀ bọ́ lójú rẹ̀.

Àánú ṣe ọlọ́pàá náà. "Ẹ lọ yọ ọ́ lónìí yìí. Bí àwa ò bá rí yín, ẹ̀yin náà ò rí wa nìyẹn."

Bí Aránṣọ ti kúrò níbẹ̀, ó nu omijé nù, ó sì ń bú ọlọ́pàá náà pé ó fi ọ̀rọ̀ dá òun dúró títí ọkọ òun fi pòórá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òjò ṣú. Aránṣọ rí ọkọ̀ Tíṣà ní òpópónà kan tó dá páropáro. Ó rí orí méjì tó sún mọ́ra nínú rẹ̀, ó sì rí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ lórí ọwọ́ obìnrin. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ọkọ̀ fẹ́ já sí gọ́tà, Tíṣà sì ń bá akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ yí sítíárìn padà. Aránṣọ bú sẹ́kún. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Òun ń sunkún, kò ríran, ó sì fẹsẹ̀ tẹ tọ́rọ́tù tó ń mú ọkọ̀ sáré mọ́lẹ̀.

Ọkọ̀ iwájú dúró jẹ́ẹ́ létí ọ̀nà. Tíṣà ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ sílẹ̀, kó lè gba ọkọ̀ wà kí òjò tó dé. Nínú òkùnkùn tí Aránṣọ fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ọkọ rẹ̀ tó torí rẹ̀ jáde nílé gan-an ni kò rí. Ó kọ lù ú.

"Tíṣà o! Ẹ gbà mí o!"

Ìyá arúgbó ni obìnrin tó ń pariwo bẹ́ẹ̀, tó sáré jáde nínú ọkọ̀, orí rẹ̀ funfun báláú. Ó ń kọ́ ọkọ̀ kó lè máa gbé ọkọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn lọ síléèwòsàn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú òjò, ó gbé orí Tíṣà lé itan. Kí Aránṣọ tó rí ewú orí rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó wá sí i lọ́kàn ni pé, "Ta ló gbé orí ọkọ mi lé itan?"

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n to egungun ẹsẹ̀ Tíṣà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kò lè tẹ búréékì mọ́. Nígbà tó lajú, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Kí lò ń wá lẹ́yìn mi?"

"Mo rò pé ẹ ń fẹ́ ẹlòmíì ni, ọkọ mi."

"O ò rí mi ni?"

"N ò rí yín."

Tíṣà kọjú sí ògiri.

Ọlọ́pàá tó ṣàánú Aránṣọ ló wá jẹ́rìí ní kóòtù. Adájọ́ gba ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́ Aránṣọ, ó sì rán an lọ sẹ́wọ̀n. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Nígbà tó fi jáde, ẹ̀gbọ́n Tíṣà obìnrin ti wá mú àbúrò rẹ̀ lọ sílé tirẹ̀. Aránṣọ wá a lọ, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Dìde," ni Tíṣà wí. "Mo ti dárí jì ẹ́ tipẹ́."

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé nígbà náà."

"Rárá o. Ẹsẹ̀ tó kán, mo lè fara dà á. Ojú tó ń ṣọ́ mi ni n ò lè bá gbé mọ́."

Aránṣọ fẹsẹ̀ rìn padà sílé. Kò sí ẹni tí yóò máa ṣọ́ níbẹ̀ mọ́.

Ẹni tó bá létí kó fi èyí kọ́gbọ́n. Ọ̀nà kì í ṣe pápá tí a ti ń ja ìjà ilé. Ẹni tó bá gbé owú jókòó nídìí sítíárìn, ẹlẹ́mìí mìíràn ni yóò fara gbá a. Ẹ má ṣe di ojú ọkọ̀ yín, ẹ má sì fi irọ́ gba àánú lọ́wọ́ ẹni tó ń kìlọ̀ fún yín, nítorí ìkìlọ̀ tí a bá fi omijé yẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ la fi ń gbà á nígbẹ̀yìn. Bí ọkàn yín bá ń fura sí ẹni tí ẹ fẹ́ràn, ẹ jókòó tì í, kí ẹ bi í léèrè. Ìbéèrè kò pa ẹnikẹ́ni rí.