Ẹní Ìkíni

Kí Oyèdọ̀tun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ẹní ìkíni, bí gbogbo ọ́fíìsì ti ń ṣe láràárọ̀. Ní Ìkirè, bàbá rẹ̀ fọwọ́ kan ẹní tirẹ̀, ọwọ́ náà sì bà lé ọmọ lẹ́yìn ní Èkó. Ó fúyẹ́ ju ti àná lọ.

“Bàámi, ṣé ara yín le?”

Ohùn bàbá dún láti inú ẹní: “Ó le koko.”

Ọkàn Oyèdọ̀tun kò balẹ̀. Ó gun òrùlé ọ́fíìsì lọ wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Ìkirè, ó sì bá bàbá nídìí mọ́ínmọ́ín, ara rẹ̀ dá ṣáṣá.

“Ìka kan ni mo fi kàn ẹ́,” ni bàbá wí. “Mo fẹ́ mọ̀ bóyá o ṣì mọ ọwọ́ mi.”

Oyèdọ̀tun dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo àtẹ́lẹwọ́ ló bà lé e lẹ́yìn.