Yàrá Márùn-ún tí Bàbá Ọláníhùn Tì Pa

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ ohun tí ìwà ahun fà ní abúlé Ìdí-Ọ̀sàn. Bàbá Ọláníhùn ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí Múfútàù ọmọ rẹ̀ kọ́ fún un. Yàrá kan ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń lò. Márùn-ún yòókù, títì ni wọ́n wà, wọ́n ń dúró de Múfútàù tó ń wálé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nígbà Iléyá. Aláǹtakùn ló ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ọdún mẹ́fà ni a fi bẹ ìjọba kí wọ́n tó fún ilé ìwòsàn abúlé wa ní nọ́ọ̀sì. Ìbídùnní lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ náà wù ú, ó sì kó ẹrù rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló kún àfi ti Bàbá. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí Bàbá jọ̀wọ́ fún òun ní yàrá kan péré, òun yóò sanwó. Bàbá fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ìdí rẹ̀, ó ní ọmọ òun ò kọ́lé fún àlejò. Bó bá wù ú, kó lọ sùn ní àká iṣu. Àká iṣu, fún ẹni tó wá tọ́jú wa! Inú ṣì ń bí mi títí dòní. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọbìnrin yẹn fi sùn lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn kó tó kẹ́rù rẹ̀ lọ sí abúlé mìíràn tí wọ́n ti fún un nílé.

Iléyá dé, Múfútàù kó ìyàwó àti Kúdírátù ọmọ rẹ̀ wálé. Lọ́jọ́ kejì, ara ọmọ náà gbóná, gìrì sì mú un. Wọ́n gbé e sáré dé ilé ìwòsàn, wọ́n bá ìlẹ̀kùn ní títì. Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n lò lọ́nà kí wọ́n tó rí dókítà. Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti di.

Bàbá pe Kúdírátù títí, ọmọ náà kò yíjú. Bàbá ní nítorí Múfútàù àti ará ilé rẹ̀ lòun ṣe ti yàrá wọ̀nyẹn pa.

Múfútàù dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ní, “Bàbá mi, ká ní nọ́ọ̀sì yẹn rí yàrá kan sùn ni, ọmọ mi ì bá ṣì máa gbọ́ orúkọ rẹ̀.”

Láti ọjọ́ náà, kò wá ṣe Iléyá nílé mọ́. Yàrá márààrún ṣì wà ní títì.

Ẹ fi kọ́gbọ́n: ẹni tó bá fẹ́ kí òṣìṣẹ́ wá sílùú rẹ̀, kó kọ́kọ́ wá ibi tí onítọ̀hún yóò fi orí rẹ̀ lé. Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.