Ẹlẹ́rìí Alágbàfọ̀

Wọn kò fún alágbàfọ̀ ní físà. Òṣìṣẹ́ tó yẹ ìwé rẹ̀ wò ní kò dá òun lójú pé obìnrin náà ni ìyá ẹni tó fẹ́ lọ kí. Ilé ni wọ́n bí ọmọ náà sí, kò sí ìwé ìbí. Fọ́tò tó kó lọ ńkọ́? Wọ́n ní kò sẹ́ni tí kò lè gbé ọmọ pọ̀n ya fọ́tò.

Ọ̀rọ̀ náà dun alágbàfọ̀ dé egungun. Aṣọ oníaṣọ ló fọ̀ tó fi tọ́ ọmọ kan ṣoṣo yìí, ọṣẹ jẹ ẹ́ lọ́wọ́ títí ó fi bó. Nígbà tí bàbá ọmọ kú, àwọn kan tó ń ran ọmọ òrukàn lọ́wọ́ rán an lọ kàwé lókè òkun. Ibẹ̀ ló ti lọ́kọ, ibẹ̀ ló ti bímọ. Ọkọ náà kò tíì bá alágbàfọ̀ sọ̀rọ̀ rí. Ọmọ ní iṣẹ́ kì í jẹ́ kó gbélé. Ìyá àgbà kò béèrè ju kó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ pọ̀n fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó sì padà sídìí aṣọ rẹ̀.

Ọmọ pè é láti ibi iṣẹ́, ibẹ̀ náà ló ti máa ń pè.

"Màmá, ẹ má wulẹ̀ pẹjọ́. Ẹ jẹ́ kó lọ."

"Kó lọ síbo?"

"Tàbí kí ẹ tún òmíràn kọ, kí ẹ ní àbúrò ìyá mi ni yín. Ìyẹn máa ń tètè yá."

Alágbàfọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Kí n torí físà sọ ara mi di àǹtí ẹ? Mo bí ọ ni, mi ò yá ọ!"

"Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni, mà."

Ó pẹjọ́. Ilé ẹjọ́ kọ̀wé sí ọmọ nílé ọkọ rẹ̀ pé kó wá jẹ́rìí. Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, alágbàfọ̀ wọ aṣọ tó lọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Yàrá kékeré ni, tábìlì kan, tẹlifíṣọ̀n kan lára ògiri. Adájọ́, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, bi í pé kí ló máa dá a padà wálé.

"Aṣọ àwọn èèyàn wà lọ́wọ́ mi, mà. Bí mi ò bá padà, ìhòòhò ni wọ́n máa rìn."

Adájọ́ rẹ́rìn-ín. "Ti ìpadàbọ̀ yé mi. Ó ku ẹyọ kan. Bí ọmọ yín bá lè búra pé ẹ̀yin lẹ bí òun, ọ̀rọ̀ ti tán."

Ara alágbàfọ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n tàn. Ọmọ rẹ̀ nìyẹn, ó ti sanra díẹ̀; ọkọ jókòó tì í, ọmọ tuntun wà léjìká ọkọ. Alágbàfọ̀ rí iwájú orí ara rẹ̀ lórí ọmọ tuntun náà, omi lé ròrò sí i lójú. Kò tilẹ̀ gbọ́ ìbúra náà dáadáa. Adájọ́ bi ọmọ pé ta ni obìnrin yìí jẹ́ sí i.

Ọmọ wo ọkọ rẹ̀, ó wo adájọ́, ó ní, "Alágbàfọ̀ wa nílé ni wọ́n, mà, ìyá mi ti kú kí n tó wá síbí."